Akọ àti Abo Etí Pátákó: Èrò Kan lórí Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Iṣẹ́ Àdáṣe

Iṣẹ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí ní èdè Yorùbá kì í ṣe iṣẹ́ àná. Ní ọdún 1970 ni ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀, nínú èyí tí a fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ní ọdún 1984 ni ìdìpọ̀ kìíní Èdè-Ìperí Yorùbá jáde lábẹ́ àbójútó Ayọ̀ Bámgbóṣé. Ní ọdún 1990 ni ìdìpọ̀ kejì tẹ̀ lé e lábẹ́ àbójútó Ọládélé Awóbùlúyì. Gbogbo àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí lónìí ni a ń jẹ nínú oúnjẹ tí àwọn aṣáájú wọ̀nyí sè. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ọ̀nà tí a fi ń yan ọ̀rọ̀ dáadáa, a ó rí i pé ẹni méjì ni a sábà máa ń ní lọ́kàn: olùkọ́ tí ó dúró níwájú akẹ́kọ̀ọ́, àti ògbufọ̀ tí ó jókòó nídìí tábìlì. Ẹni kẹta wà tí a kì í sábà rántí. Òun ni ẹni tí ó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ tí kò kọ́, tí kò sí ọ̀gá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé ìwé ìlànà nìkan ni ó gbójú lé. Aládàáṣe ni a ó máa pè é nínú àròkọ yìí. Èrò wa ni pé òun gan-an ni ó yẹ kí ó jẹ́ adájọ́ ọ̀rọ̀-ìperí wa.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Nínú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, ọ̀gá a máa na ìka sí nǹkan. Yóò ní, 'Mú èyí, fi ìyẹn sílẹ̀; yí i padà; ó tó bẹ́ẹ̀.' Ojú àti ìka ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ì bá ṣe, ọmọ-iṣẹ́ kò sì ní ṣìnà bí orúkọ nǹkan kò tilẹ̀ gún. Olùkọ́ pẹ̀lú lè yàwòrán sára pátákó ìkọ̀wé bí ọ̀rọ̀ bá kọ̀ ọ́. Aládàáṣe kò ní èyíkéyìí nínú àǹfààní wọ̀nyí. Bí ọ̀rọ̀ tí ó kà bá kọjú sí ọ̀nà méjì, ọwọ́ rẹ̀ lè gba ọ̀nà tí kò tọ́, owó àti igi yóò sì ṣòfò. Nítorí náà, ọ̀rọ̀-ìperí tí aládàáṣe bá lè fi ṣiṣẹ́ láìfojú rí ohun tí a ń júwe, ọ̀rọ̀ tí ó gbóṣùbà ni.

Kí ọ̀rọ̀ wa má baà dà bí àlọ́ lásán, ẹ jẹ́ kí a mú iṣẹ́ kan ní pàtó: títẹ́ pátákó sórí igi láti fi ṣe ilẹ̀ yàrá ní ilé onígi ti Àríwá Amẹ́ríkà. Igi ni a fi ń ṣe egungun ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé gbígbé níbẹ̀. A ó kọ́kọ́ to àwọn igi gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí àárín ọ̀kan sí àárín èkejì sábà máa ń jẹ́ 16 íǹṣì tàbí 24 íǹṣì. Lórí wọn ni a ó tẹ́ àwọn pátákó fẹ̀ǹfẹ̀ sí, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 ní ìbú àti 8 ní òòró. Lórí pátákó wọ̀nyí ni táìlì, kápẹ́ẹ̀tì tàbí pákó dídán yóò wá wà. Àwọn pátákó náà lè jẹ́ pláíwúùdù, èyí tí a fi awẹ́ igi pẹlẹbẹ lẹ̀ mọ́ ara ní ìpele ìpele, tàbí èyí tí wọ́n ń pè ní OSB, tí a fi wẹ́wẹ́ igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀. Ní ọdún 1905 ni ilé-iṣẹ́ kan ní Portland pàtẹ pláíwúùdù níbi ìpàtẹ ọjà àgbáyé tí ó wáyé ní ìlú náà. Ní ọdún 1933 ni àwọn tí ń ṣe é dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí APA lónìí, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Tacoma. Ẹgbẹ́ yìí ni ó ń tẹ ìlànà jáde nípa bí a ṣe ń tẹ́ irú pátákó bẹ́ẹ̀.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó kan Yorùbá nínú èyí, nígbà tí ó jẹ́ pé kọnkéré ni a fi ń ṣe ilẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nílé wa nísinsìnyí. Ìdáhùn méjì ni ó wà. Èkíní ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó ń gbé inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí owó oníṣẹ́-ọwọ́ sì wọ́n débi pé ẹni tí ó bá lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ilé ara rẹ̀ ṣe kì í pe ẹlòmíràn. Èkejì ni pé ilẹ̀ onípákó kì í ṣe àjèjì sí wa. Ọ̀pọ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ní Èkó, títí kan àwọn tí àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil dé kọ́ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni ó jẹ́ pé pákó ni a fi tẹ́ òkè wọn. Àwọn káfíńtà tí ó ṣe iṣẹ́ náà kò ṣe é láìsọ̀rọ̀. Bí àwọn ọ̀rọ̀ náà bá ń parun, àwa ni a kò kó wọn jọ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orúkọ iṣẹ́ náà. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ tí a fún pátákó yìí ń sọ pé ó wà lábẹ́ ilẹ̀ yàrá. Ògbufọ̀ tí ó bá ń sáré yóò kọ 'pátákó abẹ́ ilẹ̀'. Ṣùgbọ́n kí ni abẹ́ ilẹ̀ lójú Yorùbá? Ibi tí a ń sin òkú sí ni, ibi tí kùsà, omi àti epo rọ̀bì wà ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a ní fún erùpẹ̀ tí a ń tẹ̀ níta àti fún ibi tí a ń tẹ̀ nínú yàrá. Ọ̀rọ̀ náà ni ilẹ̀. Ẹni tí ó bá ka 'pátákó abẹ́ ilẹ̀' lè rò pé ńṣe ni a fẹ́ ri pátákó mọ́lẹ̀. A dábàá 'pátákó ìtẹ́lẹ̀', nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni orúkọ yìí sọ: ohun tí a tẹ́ kí òmíràn lè wà lórí rẹ̀. Ohun tí ó wá wà lókè rẹ̀, tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, a lè pè é ní 'ojú ilẹ̀'. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì dára kí a fi ìyàtọ̀ sáàárín 'pákó', tí í ṣe igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí a là, àti 'pátákó', tí ó fẹ̀.

Igi gbọọrọ tí ó gbé pátákó ńkọ́? 'Igi àjà' ni yóò kọ́kọ́ wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọ̀rọ̀ náà kò sì burú ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi tí igi kan náà jẹ́ àjà fún ará ìsàlẹ̀, tí ó sì gbé ilẹ̀ fún ará òkè. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ni ó wà ní Amẹ́ríkà tí kò sí yàrá kankan lábẹ́ àwọn igi wọ̀nyí, àfi àlàfo kékeré tí ènìyàn lè rá wọ̀. Bí a bá sọ fún aládàáṣe níbẹ̀ pé kí ó kan ìṣó mọ́ igi àjà, òkè ni yóò gbójú sí. 'Igi ìgbéró' ni a fara mọ́, nítorí pé ibikíbi tí igi náà bá wà, gbígbé ẹrù ró ni iṣẹ́ rẹ̀.

A dé ibi tí àríyànjiyàn pọ̀ sí jù. Pátákó ìtẹ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ gígùn méjì. Ọ̀kan yọ sóde ní àárín nínípọn rẹ̀, bí ẹni yọ ahọ́n. Èkejì ní ihò tí ó gùn láti orí dé ìdí. Èyí tí ó yọ lára pátákó kan ni ó máa ń wọ inú ihò pátákó kejì, kí etí méjèèjì lè jọ gbé ẹrù bí ẹsẹ̀ bá tẹ ibi tí igi ìgbéró kò sí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì pe èyí tí ó yọ ní ahọ́n. Àwọn kan nínú wa fẹ́ kí a pè é ní 'ahọ́n' bẹ́ẹ̀, kí a sì pe ihò náà ní 'poro', bí poro tí ó wà láàárín ebè nínú oko.

A kò fara mọ́ 'ahọ́n'. Ahọ́n àti ẹnu tí ó ń gbé, ara kan náà ni wọ́n wà. Ahọ́n ẹnìkan kì í gbé ẹnu ẹlòmíràn. Ohun tí ó sì jẹ́ kókó nínú iṣẹ́ yìí ni pé ara méjì ni ó pàdé. Bí a bá sọ ahọ́n, orúkọ náà kò rán wa létí ẹnìkejì. 'Poro' sàn jù ú lọ, nítorí pé ó gùn, ó sì jìn, ṣùgbọ́n ebè ni ẹnìkejì poro, ebè kì í sì í wọ inú poro. Nítorí náà, a lè fi poro júwe ìrísí ihò náà, kí a má fi ṣe orúkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ méjì tí Yorùbá ní fún ohun tí ó jẹ́ pé ọ̀kan kò pé láìsí èkejì ni akọ àti abo. Bí a bá gbọ́ akọ, a ó béèrè abo. Bí a bá rí abo, a mọ̀ pé akọ rẹ̀ wà níbìkan. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà tí a kò gbọdọ̀ fojú fò. Akọ ní ìtumọ̀ mìíràn nínú èdè wa: ohun tí ó le. Akọ òkúta ni òkúta líle, òwe wa sì sọ pé akọ igi kì í ṣoje. Bí a bá kọ 'pátákó akọ', ẹni tí ó lọ sọ́jà lè máa béèrè igi tí ó le jù. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni ó yanjú rẹ̀: 'etí'. 'Etí akọ' àti 'etí abo' kò lè tọ́ka sí líle tàbí rírọ̀ igi. Apá kan lára pátákó ni wọ́n ń tọ́ka sí. Pátákó tí ó ní méjèèjì ni a ó pè ní 'pátákó alákọ-lábo'. Àwọn mìíràn lè sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò bójú mu fún ọmọ ilé-ìwé. Àgbẹ̀ ń pe ìbẹ́pẹ tí kì í so ní akọ ìbẹ́pẹ lójú ọmọ, kò sì sí ẹni tí ó bu ẹnu àtẹ́ lù ú.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a dán àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wò lójú iṣẹ́. Ìlànà àwọn ará Tacoma sọ pé nínú ìlà kìíní, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni kí etí akọ kọjú sí, kí etí abo kọjú sí inú yàrá. Ìdí rẹ̀ ni pé a ó fi òòlù ńlá gbá pátákó ìlà kejì kí ó lè wọlé, a ó sì fi àjákù igi gba ojú òòlù náà. Bí etí abo bá ni ó kọjú sí wa, òun ni àjákù igi yóò kàn. Bí ó bá jẹ́ etí akọ ni, tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ yóò fọ́, kò sì ní wọ inú ẹnìkejì rẹ̀ mọ́. Ẹ ka gbólóhùn yìí ní ohùn 'ahọ́n àti poro', kí ẹ tún kà á ní ohùn 'etí akọ àti etí abo'. Ti kejì kò fi iyèméjì sílẹ̀ nípa ẹ̀gbẹ́ tí a ń sọ.

'Etí' náà ń béèrè ìṣọ́ra. Pátákó ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin, méjì péré ni ó sì ní akọ tàbí abo, àwọn tí ó gùn. Méjì tó kúrú kò ní nǹkan kan. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún wọn. Bí àwa bá pe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní etí, aládàáṣe yóò máa wá akọ níbi tí kò sí. Kí 'etí' jẹ́ ti èyí tí ó gùn, kí 'ìpẹ̀kun' jẹ́ ti èyí tí ó kúrú. Nígbà náà ni òfin tí ó tẹ̀ lé e yóò yé ni: ìpẹ̀kun méjì gbọdọ̀ pàdé lórí igi ìgbéró, nítorí pé kò sí akọ tí yóò gbé wọn ró, ojú ìpàdé ìlà kan kò sì gbọdọ̀ bá ti ìlà kejì ṣe déédéé. Bíríkìlà wa mọ èyí nínú títo búlọ́ọ̀kù. Bákan náà ni ìtọ́ka ọ̀nà: òòró pátákó ni yóò dábùú igi ìgbéró, nítorí pé ọ̀nà òòró ni pátákó lágbára jù. 'Òòró' àti 'ìdábùú' ti wà nílẹ̀ fún wa. Kò sí ohun tí a fẹ́ fi ọ̀rọ̀ àyálò ṣe níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ó lè ba iṣẹ́ jẹ́ jù ni ti àlàfo. Lẹ́nu oníṣẹ́-ọwọ́ Yorùbá, ìyìn iṣẹ́ ni pé abẹ́rẹ́ kò lè gba àárín igi méjì kọjá. Nítorí èyí, ó rọrùn fún ògbufọ̀ láti kọ pé kí a gbá pátákó títí tí yóò fi wọnú ara ṣinṣin. Ìlànà sọ òdìkejì rẹ̀: kí a fi 1/8 íǹṣì, ìyẹn nǹkan bí mìlímítà 3, sílẹ̀ ní etí àti ní ìpẹ̀kun gbogbo. Igi a máa mu omi inú afẹ́fẹ́, a sì máa wú. Bí kò bá rí àyè wú sí, yóò ti ẹnìkejì rẹ̀, ojú ìpàdé yóò gbé sókè bí ebè, táìlì tí a lẹ̀ sórí rẹ̀ sì lè sán. Bí a bá kọ 'àlàfo', àbùkù ni òǹkàwé yóò kà á sí, yóò sì fẹ́ dí i. A dábàá 'àyè ìwú'. Orúkọ yìí sọ pé a mọ̀-ọ́n-mọ̀ fi sílẹ̀ ni, ó sì sọ ìdí rẹ̀. Ìṣó tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní 10d ni wọ́n fi ń wọn àyè náà, nítorí pé ìbú rẹ̀ súnmọ́ ìwọ̀n yẹn.

Ti gọ́ọ̀mù ńkọ́? 'Àtè' ni àwọn olùfẹ́ ọ̀rọ̀ àtayébáyé máa ń yàn. Ṣùgbọ́n àtè tí ọdẹ fi ń mú ẹyẹ kì í gan. Lílẹ̀ láìgan ni ànfààní rẹ̀. Èyí tí a ń fà sórí igi ìgbéró kí a tó tẹ́ pátákó, ó gbọdọ̀ gan, ìlànà sì sọ pé kí a parí ìṣó kíkàn kí ó tó gan. Kí a jẹ́ kí 'gọ́ọ̀mù' tí káfíńtà ń pè é wà bẹ́ẹ̀, kí a kàn fi 'ìkọ́lé' kún un: 'gọ́ọ̀mù ìkọ́lé'. Ìṣó tí ó ní ìlà róbótó yí ara rẹ̀ ká, kí ó má baà yọ, 'ìṣó olórùka' bá a mu. Òun ni a ń kàn ní 6 íǹṣì síra wọn ní àyíká pátákó, àti 12 íǹṣì síra wọn lórí igi ìgbéró tí ó wà láàárín. Bí gọ́ọ̀mù tàbí ìṣó bá kù díẹ̀ káàtó, pátákó yóò máa gòkè sọ̀kalẹ̀ lára ìṣó, ilẹ̀ yóò sì máa dún bí a bá ti ń tẹ̀ ẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, tí ó kan olùkọ́ ìṣirò. Pátákó alákọ-lábo tí a ń pè ní ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 4 kì í sábà bo ju 47½ íǹṣì lọ ní ìbú, nítorí pé akọ rẹ̀ wọ inú ẹlòmíràn. Bí yàrá bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 24 ní ìbú, ìlà mẹ́fà yóò fi íǹṣì 3 kù. Ẹni tí kò mọ̀ yóò padà sọ́jà. Kí a pe 48 íǹṣì ní 'ìwọ̀n orúkọ', kí a pe 47½ ní 'ìwọ̀n ojú'. Ọ̀rọ̀ méjì yìí yóò wúlò fún ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn tí orúkọ wọn kò bá ìwọ̀n wọn mu, pàápàá igi tí a ń pè ní 2 sí 4.

Láti inú àpẹẹrẹ wọ̀nyí, òfin mẹ́ta ni a fẹ́ fi síwájú ẹ̀yin olùkọ́ àti ògbufọ̀. Èkíní, iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe ni kí a kọ́kọ́ wò, kí a tó wo àwòrán tí èdè Gẹ̀ẹ́sì yà sí i. Èkejì, bí nǹkan bá ní ẹnìkejì, orúkọ rẹ̀ gbọdọ̀ rántí ẹnìkejì náà. Ẹ̀kẹta, kí a ka ọ̀rọ̀ náà nínú gbólóhùn àṣẹ, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó dùn nínú àkójọ lè kọsẹ̀ nígbà tí a bá sọ pé 'Ṣe báyìí'. A kò sọ pé kí akọ àti abo di orúkọ ohun gbogbo tí ó bá ń wọnú ara. Nínú ẹ̀kọ́ ohun ẹlẹ́mìí, fún àpẹẹrẹ, ọ̀rọ̀ méjèèjì ti ní iṣẹ́ tiwọn, wọn yóò sì da ọ̀rọ̀ rú bí a bá lò wọ́n fún bí èròjà kan ṣe ń bá òmíràn mu.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí àwọn ẹ̀ka ìmọ̀ èdè wa rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ọjà pákó, irú èyí tí ó wà ní Bódìjà ní Ìbàdàn, àti sí ṣọ́ọ̀bù àwọn àgbà káfíńtà, kí wọ́n lọ gbọ́ orúkọ tí àwọn ènìyàn ń pe nǹkan kí a tó jókòó ṣẹ̀dá tuntun. Bí àbá wa nínú àròkọ yìí bá ta ko ohun tí wọ́n bá níbẹ̀, kí a ju àbá wa nù, kí a mú tiwọn. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.